Òṣùwọ̀n Pípé fún Ọkàn Tó Gbọgbẹ́: Ẹ̀tọ́ Àwọn Ológun Tó Ti Fẹ̀yìntì Lọ́rùn Wa

KHUTUBA ÀKỌ́KỌ́

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ènìyàn pẹ̀lú ara, ẹ̀mí àti làákàyè, tí ó sì fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ láàrin ẹ̀dá kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ. A ń yìn Ín, a ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń wá àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àyàfi Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo, a sì jẹ́rìí pé Ànọ́bì Muhammad ẹrú Rẹ̀ ni, Òjíṣẹ́ Rẹ̀ sì ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ fún ara mi ṣáájú, mo sì ń sọ fún yín, pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun kò pin sí orí ẹní ìrun. Ó gbọ́dọ̀ bá wa dé ọjà, kí ó bá wa dé ibi iṣẹ́, kí ó sì bá wa dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn.

Gbogbo wa ni a mọ Suratul-Mutọffifīn. Nínú rẹ̀, Ọlọ́hun Ọba ṣe ìlérí ègbé fún àwọn tí ń din òṣùwọ̀n kù, àwọn tí wọ́n ń gba tiwọn ní kíkún ṣùgbọ́n tí ọwọ́ wọn ń hán nígbà tí ó bá kan ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Bí a bá ti gbọ́ súrà yìí, ọjà Òṣòdì ni ọkàn wa máa ń lọ, sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò tí ó tẹ ìdí kóńgò wọnú kí ìrẹsì tí yóò gbà lè dín. Òótọ́ ni, ìkìlọ̀ náà kàn án. Ṣùgbọ́n kò mọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba iṣẹ́ ènìyàn ní kíkún, tí ó wá san ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní àbọ̀, ó tẹ ìdí kóńgò wọnú. Lónìí, mo fẹ́ kí a gbé òṣùwọ̀n yẹn síwájú àwọn kan tí a gba ohun púpọ̀ lọ́wọ́ wọn: àwọn ọmọ ogun wa tí wọ́n ti fẹ̀yìntì, pàápàá àwọn tí ogun fi ọgbẹ́ sílẹ̀ sí ọkàn wọn.

Ẹ̀yin ará ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ yìí kan àdúgbò wa ju ọ̀pọ̀ àdúgbò lọ. Ní Òṣòdì wa yìí ni ibùdó ńlá tí àwọn ológun ti ń múra sílẹ̀ fún ìfẹ̀yìntì wà, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Resettlement. Láti gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà ni àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti orí omi àti ti òfuurufú ti ń wá síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ wọn bá kù díẹ̀ kí ó parí, kí wọ́n lè fi oṣù mẹ́fà kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò tí wọn yóò fi máa jẹun. Lẹ́yìn náà, òmíràn a padà sí ìlú rẹ̀. Òmíràn a sì fi Òṣòdì, Máfolúkù, Ìlasamàjà tàbí Ìsọlọ̀ ṣe ilé. Wọ́n wà láàrin wa. Wọ́n ń ṣọ́ géètì, wọ́n ń wa ọkọ̀, wọ́n ń ta ọjà, wọ́n sì ń to ẹsẹ̀ pọ̀ mọ́ wa ní sáfù. Àwọn kan nínú wọn rí ogun Làìbéríà àti Sàró nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOMOG láti ọdún 1990. Àwọn mìíràn rí ogun Boko Haram ní Bọ̀rnó àti Yóbè, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009 tí kò sì tíì parí. Àwọn àgbàlagbà díẹ̀ sì kù tí wọ́n rí ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970.

Iṣẹ́ ọwọ́ tí a kọ́ wọn ṣeé wò. Bàtà tí a rán, adìẹ tí a sìn, irin tí a jó, gbogbo rẹ̀ ṣeé kà, ìwé ẹ̀rí sì ṣeé gbé dání. Ọgbẹ́ inú ọkàn ni kò ṣeé wò bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan dé láti ojú ogun, ọwọ́ rẹ̀ pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ẹbí sì pa ẹran ìdúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè sùn. Bí ó bá sùn, igbe ni yóò fi jí. Bí táyà bá bẹ́ lójú títì, a fi ara balẹ̀ gbii. Kò fẹ́ wà ní àárín èrò, nítorí náà ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni yóò máa kírun sí. Inú a máa bí i sí ìyàwó àti ọmọ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Òmíràn a fi ọtí tàbí igbó pa ọkàn rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Àwọn oníṣègùn mọ àìsàn yìí, wọ́n ní orúkọ fún un, wọ́n sì ní ìtọ́jú fún un. Kì í ṣe ojo, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Bí ẹnikẹ́ni ní Ìsọlọ̀ bá sọ pé òun kò mọ irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó rántí ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú náà, iná ran ilé tí a kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà, àwọn bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú, àwọn ènìyàn sì ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí ọmọdé pọ̀ láàrin wọn, bọ́ sínú omi kànáàlì Òkè-Àfá nínú òkùnkùn. Àwọn tí ó kú ju 1,000 lọ. Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn òkú wa. Títí di òní, a rí ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já bí ó bá gbọ́ ìró ńlá, tí kò sì fẹ́ gba ẹ̀bá omi yẹn kọjá lálẹ́. Ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ni yẹn. Kí ni a ó wá sọ nípa ẹni tí ó fi ọdún gbọọrọ gbé nínú irú ìró bẹ́ẹ̀, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀?

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ yìí dé ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ wa bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jagun dé ilẹ̀ Búmà. A dá àwọn kan padà sílé tí ọpọlọ wọn kò balẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1944, a kó wọn sí Láńtòrò ní Abẹ́òkúta, nínú ọgbà tí a ti ń lò fún ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn Àrò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe àkíyèsí rẹ̀: ẹni tí ó lọ jagun fún ọba, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibi àkọ́kọ́ tí a rí fi í sí nígbà tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, dé Àrò, ó sì ṣe ohun mìíràn. Ó bá àwọn baálẹ̀ abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé ní abúlé wọ̀nyẹn pẹ̀lú ẹbí wọn. Wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń padà sáàrin ènìyàn. Ìlú kan náà ni, àìsàn kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni òṣùwọ̀n tí a fi wọn ẹni tí ó ń ṣàìsàn. Àwọn kan wò ó bí ẹni tí a gbọ́dọ̀ há mọ́. Lambo wò ó bí ọmọ ènìyàn tí ó nílò oògùn, oúnjẹ àti ẹbí.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè nísinsìnyí: báwo ni a ṣe ń mọ̀ bóyá ìtọ́jú tí à ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kún òṣùwọ̀n? Ẹ̀sìn wa kò fi wá sílẹ̀ láìní ìtọ́sọ́nà.

Òṣùwọ̀n kìíní ni pé kí a bi ẹni tí ó ń jẹ ìrora. Ní ayé Sayyidinā Umar ọmọ Khattọ́ọ̀bù, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ó ń rìn kiri Mẹ̀dínà ní òru kan, ó sì gbọ́ ohùn obìnrin kan tí ó ń dárò nínú ilé rẹ̀ nítorí pé ọkọ rẹ̀ ti pẹ́ jù lójú ogun. Umar kò fi àbá tirẹ̀ dá a lójú pé nǹkan dára. Ó lọ bá ọmọ rẹ̀, Hafsọ́h, ìyàwó Ànọ́bì, ó sì bi í pé báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí ara obìnrin tó kọ àìsínílé ọkọ rẹ̀. Hafsọ́h sọ iye oṣù fún un. Àwọn onítàn kan ní mẹ́rin ni, àwọn mìíràn ní mẹ́fà. Umar wá pàṣẹ pé kí a má ṣe dá ọmọ ogun kankan dúró lójú ogun kọjá àkókò yẹn. Ẹ wo olórí tí ó gbọ́ ìrora, tí ó bi ẹni tí ó mọ̀, tí ó gba iye kan, tí ó sì fi iye yẹn ṣe òfin. Ìwọ̀n tí kò bá bi aláìsàn léèrè bóyá ó ti ń sùn, bóyá inú ilé rẹ̀ ti tòrò, ìwọ̀n àbọ̀ ni.

Òṣùwọ̀n kejì ni ìsúnmọ́. Ní ọjọ́ Ogun Kòtò, ọfà ba Sa'd ọmọ Mu'ādh ní iṣan apá. Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pàṣẹ kí a pa àgọ́ fún un nínú mọ́sálásí, kí òun lè máa bẹ̀ ẹ́ wò láti itòsí. Àwọn onítàn sì dárúkọ Rufaydah, obìnrin tí ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ nínú àgọ́ náà. Mọ́sálásí Ànọ́bì ni a fi gba ọmọ ogun tí ó gbọgbẹ́ sí. A kò sọ fún un pé kí ó wá ọ̀nà tirẹ̀ lọ sí ibi tí ìtọ́jú wà.

Kí ni ìsúnmọ́ ní àdúgbò tiwa? Ilé ìwòsàn ńlá ti àwọn ọmọ ogun, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 68, wà ní Yábàá. Ní Yábàá náà ni ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1907. Ilé ìwòsàn yìí sì ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì tí ó wà fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, èyí tí ó ṣe pàtàkì, nítorí ìpayà bàbá a máa ran ọmọ inú ilé. Bí a bá fi ojú wò ó láti Ìsọlọ̀, Yábàá kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n bí ẹni tí ń ṣọ́ géètì yóò ṣe wọ̀n ọ́n: owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, owó iṣẹ́ ọjọ́ kan tí ó sọ nù, wákàtí tí yóò fi jókòó kí ó tó rí dókítà, owó oògùn tí yóò máa rà lóṣooṣù, àti ìtìjú pé ará àdúgbò lè rí òun ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ilé ìwòsàn tí ènìyàn kò lè dé, bí ẹni pé kò sí ni.

Ní ọdún 2006, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Àwọn 4,984 àgbàlagbà ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Nínú àwọn tí àìsàn ọpọlọ ti da ìgbé ayé wọn rú gidi, bíi 8 péré nínú 100 ni ó rí ìtọ́jú kankan ní ọdún tí ó ṣáájú. Kì í ṣe ológun nìkan ni ìwádìí náà kàn. Gbogbo wa ni. Ẹ fojú inú wo 100 ènìyàn ní sáfù iwájú mọ́sálásí yìí, kí 8 nínú wọn rí omi mu, kí 92 yòókù máa wo wọ́n. Ìyẹn ni iye ìsúnmọ́ tí ìwádìí náà rí láàrin wa.

Òṣùwọ̀n kẹta ni àbójútó lẹ́yìn ìtọ́jú. Obìnrin kan wà tí ó máa ń gbá mọ́sálásí Ànọ́bì. Ọjọ́ kan dé tí Ànọ́bì kò rí i mọ́, ó sì béèrè rẹ̀. Wọ́n ní ó ti kú. Inú Ànọ́bì kò dùn sí i pé wọn kò sọ fún òun. Ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó sì kírun sí i lára níbẹ̀. Àwọn tí ó yí i ká ti rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin náà kéré. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò ka ẹnikẹ́ni sí kékeré. Ẹni tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tí ó wá dẹ́kun àti máa wá, ta ni ó béèrè rẹ̀? Bí ilé ìwòsàn bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ènìyàn 500 ni ó wọlé lọ́dún, tí kò sì mọ iye tí ó padà wá gba oògùn lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu ọ̀nà nìkan ni ó kà.

Nínú àwọn ìlú Mùsùlùmí àtijọ́, òṣìṣẹ́ tí a ń pè ní muhtasib ni ó máa ń yẹ òṣùwọ̀n ọjà wò. Òṣìṣẹ́ yìí kan náà ni ó máa ń yẹ iṣẹ́ àwọn oníṣègùn wò. Àwọn bàbá wa nínú ẹ̀sìn mọ̀ pé bí a ṣe lè fi ìrẹsì rẹ́ ènìyàn jẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni a lè fi ìtọ́jú rẹ́ ẹ jẹ. Ní ayé òde òní, Avedis Donabedian, onímọ̀ tí a bí ní Beirut, kọ ọ́ ní ọdún 1966 pé ibi mẹ́ta ni a ti ń wo bí ìtọ́jú ṣe dára tó: ohun tí ó wà nílẹ̀ láti fi ṣe é, bí a ṣe ṣe é, àti ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. Ilé tó rẹwà nìkan kò tó. Oògùn tó pọ̀ nìkan kò tó. Ǹjẹ́ ara aláìsàn yá?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé owó nìkan ni yóò tún un ṣe. Amẹ́ríkà lówó, wọ́n sì kọ́ ilé ìwòsàn lọ́tọ̀ fún àwọn ológun wọn tó ti fẹ̀yìntì. Àṣẹ wà tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí ó bá béèrè fún dókítà gbọ́dọ̀ rí i láàrin ọjọ́ 14. Ní ọdún 2014, àṣírí tú ní ìlú Phoenix pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ń fi orúkọ àwọn tí ń dúró pamọ́ sínú ìwé mìíràn, kí iye ọjọ́ tí ó lọ sókè lè dára lójú ọ̀gá. Àwọn kan kú nígbà tí wọ́n ṣì ń dúró. Mínísítà tí ọ̀rọ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀ kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Ẹ rí i pé kóńgò tí a tẹ ìdí rẹ̀ wọnú lè wà nínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Ìwọ̀n tí kò ní òótọ́ nínú burú ju àìwọ̀n lọ, nítorí ó ń mú kí olórí sùn nígbà tí aláìsàn kò sùn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara mi àti fún yín. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Aláforíjìn ni, Aláàánú ni.

KHUTUBA KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun lórí ìdẹ̀ra Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, ẹni tí ó pa á láṣẹ fún wa pé kí a máa wá ìtọ́jú sí àìsàn, tí ó sì fi yé wa pé Ẹni tí ó sọ àìsàn kalẹ̀ ni ó sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, kí a tó tọ́ka sí ìjọba, ẹ jẹ́ kí a yẹ òṣùwọ̀n inú ilé tiwa wò.

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣé bí lọ́mọ. Nítorí ìbẹ̀rù yìí ni ẹbí fi ń fi aláìsàn pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, tí àwọn mìíràn sì ń gbé e lọ sí ibi tí a ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, tí a ń nà án, tí a sì ń fi ebi pa á, ní orúkọ pé à ń lé àlùjànnú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àlùkùránì jẹ́ ìwòsàn, a kò ṣiyèméjì nínú rẹ̀. Ẹ kà á sí aláìsàn létí, ẹ ṣe àdúà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ pé tira àti rukiyah ti gba ipò dókítà, nítorí Ànọ́bì tí ó kọ́ wa ní àdúà ni ó kọ́ wa ní wíwá oògùn. Àwọn ọmọ ẹ̀sìn yìí ni wọ́n ṣáájú nínú rẹ̀. Abū Zayd al-Balkhī, tí ó kú ní ọdún 934, kọ ìwé lórí ìtọ́jú ara àti ìtọ́jú ọkàn pa pọ̀. Ní Kairo, ní ọdún 1284, Sultan Qalāwūn kọ́ ilé ìwòsàn kan tí ó gba olówó àti tálákà, ọkùnrin àti obìnrin, àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀; owó wákàfì àwọn Mùsùlùmí ni a fi ń bójú tó o.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá ti kúrò níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Òfin tí ó ń pe aláìsàn ní wèrè, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1916, ni a ń lò títí di oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí a fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Òfin tuntun náà gbà pé aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti sí iyì ọmọ ènìyàn. Kò yẹ kí ilé òfin ṣáájú mọ́sálásí nínú àánú.

Mo fẹ́ bá ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti gbé aṣọ ogun sílẹ̀ sọ̀rọ̀ gan-an. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ kò fi ọ̀tá hàn pé ẹ̀rù ń bà yín, ẹ má ṣe rò pé wíwá ìrànlọ́wọ́ ń dín iyì yín kù. Sa'd ọmọ Mu'ādh jẹ́ akọni, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ ní gbangba mọ́sálásí. Bí ọta ìbọn bá wà lẹ́sẹ̀ yín, ẹ ó jẹ́ kí a yọ ọ́. Èyí tí ó wà lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí a yọ òun náà. Bí èrò bá ń wá sí yín pé kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gba ẹ̀mí ara yín, ẹ mọ̀ pé àmánà Ọlọ́hun ni ẹ̀mí náà, kò sì sí ẹni tí ó láṣẹ láti pa á. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé àìsàn ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí yín létí. Ẹ má dá wà lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ fún ìyàwó, fún ọ̀rẹ́, fún ìmáàmù, kí a sì bá yín dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀yin tí a bá sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún, ẹ má ṣépè, ẹ má wàásù gígùn. Ẹ jókòó tì í, ẹ gba ohun tí ó lè fi pa ara rẹ̀ kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn.

Ẹ̀yin ìyàwó àti ọmọ wọn, a mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń gbé ẹrù náà. Sùúrù yín kò ṣòfò lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n sùúrù kò túmọ̀ sí kí a máa gba ìlù ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ síta kí a lè ran bàbá ilé lọ́wọ́, kí ẹ̀yin náà sì wà láìléwu.

Ní ti mọ́sálásí wa, mo bẹ ìgbìmọ̀ pé kí a bẹ̀rẹ̀ ohun mẹ́rin láti Jímọ̀ òní. Èkíní, kí a yọ ìpín kan sọ́tọ̀ nínú sàdáákà Jímọ̀ fún owó ọkọ̀ àti owó oògùn ẹni tí ń lọ gba ìtọ́jú ọkàn, ìbáà jẹ́ ológun tàbí ará ìlú. Èkejì, kí a yan ọkùnrin méjì àti obìnrin méjì tí ẹnu wọn mọ, tí wọn yóò máa bá aláìsàn lọ ní ìgbà àkọ́kọ́, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ ni ó máa ń le jù. Ohun tí wọ́n bá gbọ́, àmánà ni. Ẹni tí ó bá tú u síta ti da àmánà Ọlọ́hun. Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù mọ ẹni tí ó ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a kò bá rí i fún Jímọ̀ méjì léraléra, kí a yà sí ilé rẹ̀, bí Ànọ́bì ṣe béèrè obìnrin tí ń gbá mọ́sálásí.

Ẹ̀kẹrin ni òṣùwọ̀n. Kí a ní ìwé kékeré kan tí kò ní gbé orúkọ ẹnikẹ́ni. Lóṣooṣù, kí a kọ ohun mẹ́rin sínú rẹ̀: iye ẹni tí ó béèrè ìrànlọ́wọ́, iye ọjọ́ tí ó gbà kí wọ́n tó rí dókítà, iye tí ó padà lọ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, àti iye tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti ń sùn. Bí iye náà bá burú, kí a kà á bí ó ṣe burú. Nígbà tí a bá wá lọ bá àwọn aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ tàbí àwọn aláṣẹ ológun, a kò ní lọ pẹ̀lú ariwo nìkan, a ó lọ pẹ̀lú iye tí ó jẹ́ òótọ́. Kí a sì bẹ̀ wọ́n pé, bí wọ́n ṣe ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ogun tí ó fẹ́ fẹ̀yìntì pé iṣẹ́ wo ni ó kọ́, kí wọ́n bi í pẹ̀lú bí ó ṣe ń sùn, kí wọ́n sì tún bi í ní ọdún kan lẹ́yìn tí ó bá ti dé ilé.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdọọdún, ìjọba máa ń gbé òdòdó síbi ìrántí àwọn ọmọ ogun tí ó kú. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò kú ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọpẹ́ tí ó tọ́ sí wọn ni ìtọ́jú tí ó kún òṣùwọ̀n.

Ẹ gbé ọwọ́ sókè. Ọlọ́hun, Ìwọ Olùwòsàn, wo ọgbẹ́ tí a rí àti ọgbẹ́ tí a kò rí. Fi oorun tó dùn fún àwọn tí òru ń dẹ́rù bà. Fi ìfàyàbalẹ̀ sínú ilé àwọn tí ogun bá dé ilé. Kẹ́ àwọn ọmọ ogun tí ó kú, kẹ́ àwọn òkú Òkè-Àfá, tu àwọn òbí wọn nínú. Fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa ní àánú àti okun. Fi òdodo sí ọkàn àwọn tí ń ka iye àti àwọn tí ń pín owó. Má ṣe jẹ́ kí a wà nínú àwọn tí ń din òṣùwọ̀n kù ní ọjọ́ tí a ó gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún àwa náà. Fi àlàáfíà sí Òṣòdì, sí Ìsọlọ̀, sí Èkó, àti sí gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad àti àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàhábà rẹ̀. Āmīn.

Ẹ dìde sí ìrun. Kí Ọlọ́hun ṣàánú yín.